Àwìn Títà àti Owó Kòkó: Ọ̀rọ̀ Ìṣòwò Kékeré ní Agbègbè Ìkòrò-Èkìtì

Ohun tí ó ń pa ìsọ̀ kékeré ní ìlú bí Ìkòrò-Èkìtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjerò, kì í sábà jẹ́ àìrí ọjà tà. Àwìn ni. Bí obìnrin tí ó ń tajà bá kọ̀ láti ta àwìn, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ. Bí ó bá sì ń tà á fún gbogbo ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́, owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ yóò há sí wọn lọ́wọ́. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí owó ṣe ń rìn ní àdúgbò náà. Ojoojúmọ́ ni àgbẹ̀ oníkòkó ń jẹun, ṣùgbọ́n láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń wọlé. Àwìn ni ó fi ń kọjá àkókò tí ọwọ́ dilẹ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí á ka àwìn sí ìwà ọ̀lẹ, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Kí ó tó di 1986, ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń dá iye lé kòkó. Ẹni tí ó ń ta àwìn lè fojú díwọ̀n ohun tí onígbèsè rẹ̀ yóò gbà. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986, bí ọjà àgbáyé bá ti rí ni iye kòkó ń rí. Èrò tèmi ni pé àwìn tí a fẹ́ fi owó kòkó san kò gbọdọ̀ ju ohun tí àgbẹ̀ lè san bí iye kòkó bá tilẹ̀ já wálẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà, aládùúgbò Èkìtì, fi irú òwò yìí lókìkí. Òṣómàáló ni a ń pe àwọn oníṣòwò wọn tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìletò ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí wọ́n ń tà á ní àwìn kí olùrà máa san án díẹ̀díẹ̀. Orúkọ náà wá láti inú lílóṣòó: òun yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí òun yóò fi gba owó òun. Lílóṣòó náà ni a fi ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn wà. Iye aṣọ àwìn ju ti olówó lọ́wọ́ lọ, ọjọ́ sísan sì ti wà nílẹ̀ kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní obìnrin kan ń jèrè ₦10 lórí ọjà tí ó rà ní ₦100. Bí ọjà tí ó rà ní ₦10,000 bá bá àwìn lọ, yóò ta ọjà tí ó rà ní ₦100,000 kí èrè rẹ̀ tó dí ihò náà, kò sì tíì jẹun o! Ìdí nìyí tí owó ọjà àti owó ọbẹ̀ kò fi gbọdọ̀ wà nínú àpò kan náà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí á kọ àwìn sílẹ̀ lójú ẹni tí ó gbà á: ọjà, iye àti ọjọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fa ilà sí ara ògiri bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ilà kì í sọ ọjọ́, ẹni tí ó bá sì kun ògiri ti pa gbèsè rẹ́. Ti ẹbí ni ó le jù. Ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kò sí àwìn? Ohun tí mo rò pé ó dára ni kí á ti ya iye kan sọ́tọ̀ fún ẹbí lóṣooṣù, bí ó bá tán, a ó lè sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, ti oṣù yìí ti tán.” Bí a bá sì lọ sin gbèsè, kí á lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí á kí ilé, kí á béèrè oko, kí á má sì dárúkọ owó lójú àlejò. Onígbèsè tí a dójú tì yóò máa gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá ni, owó kò sì ní í wọlé.

Èsúsú ni a fi ń rọ́pò owó tí ó há. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000, ₦50,000 ni ẹni tí ó kàn yóò kó. Kí ọlọ́jà bẹ̀bẹ̀ pé kí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, nígbà tí àwìn pọ̀ jù níta tí owó kòkó kò sì tíì dé. Ẹni tí ó bá kó o ní oṣù kejìlá yóò fi ṣe ọdún.