Ìkápá, Àyè àti Ìjẹná: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Fífi Sáfà Méjì Wéra

Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ògbufọ̀ máa ń lò fún ohun mẹ́ta tí kò jọra nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà ni agbára. Bí kọ̀ǹpútà bá lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀, a ó ní ó ní agbára; bí ó bá lè kó dátà púpọ̀ pamọ́, agbára náà ni; bí ó bá sì ń fa iná mànàmáná púpọ̀, agbára kan náà ni a ó tún wí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ fi sáfà kan wé òmíràn kí a tó fi owó ilé-iṣẹ́ tàbí ti yunifásítì rà á, ẹni tí ó ka "agbára rẹ̀ pọ̀" kò tíì mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ìkìlọ̀. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 ti mọ́ wa lára ní ẹ̀ka gírámà àti lítíréṣọ̀. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó wọ ọjà kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nítorí pé owó ni àṣìṣe ń ná ènìyàn níbẹ̀.

A ó lo sáfà méjì gidi fún àpẹẹrẹ: ProLiant DL360 Gen10 àti ProLiant DL380 Gen10, tí ilé-iṣẹ́ Hewlett Packard Enterprise ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017. Àwọn ìran mìíràn ti tẹ̀lé wọn láti ìgbà náà. Ìdí tí a fi yàn wọ́n ni pé inú wọn jọra bí ìbejì, tí ó jẹ́ pé gíga wọn ni ó bí gbogbo ìyàtọ̀ wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wa bá ti kù díẹ̀ káàtó yóò hàn kedere.

Ráàkì àti ìpele

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ó ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn: òun ni ó ń tọ́jú èsì ìdánwò, tí ó ń pín lẹ́tà, tí ó sì ń dá ẹni tí ó bá bèèrè nǹkan lóhùn. A kò rí ìdí tí a fi ní láti wá orúkọ mìíràn fún un, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ráàkì. Àwọn kan lè fẹ́ pẹpẹ, ṣùgbọ́n orí pẹpẹ ni a ń gbé nǹkan lé. Sáfà kì í jókòó lórí ohunkóhun nínú ráàkì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó ń gbé e ní ọ̀tún àti ní òsì, tí a fi ń tì í wọlé tí a sì fi ń fà á jáde. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ pẹpẹ sínú ìwé ìrajà, káfíńtà ni yóò wá dá a lóhùn.

Ìwọ̀n ráàkì kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ojú àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 19, a sì pín gíga rẹ̀ sí ọgbọọgba, íǹṣì 1.75 (èyí ni mìlímítà 44.45) fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ìpín yìí ni a dábàá pé kí a máa pè ní ìpele. DL360 gba ìpele 1, DL380 gba ìpele 2. Ráàkì tí ó wọ́pọ̀ ní ìpele 42.

Ìkápá

Yorùbá máa ń sọ pé apá ẹnìkan ká iṣẹ́, tàbí pé apá rẹ̀ kò ká a. Inú gbólóhùn yìí ni a ti fa ìkápá yọ fún ìwọ̀n iṣẹ́ tí sáfà lè ṣe láàárín àkókò kan. Ó sàn ju ìyára lọ, nítorí pé sáfà lè yára lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo kí apá rẹ̀ má sì ká igba iṣẹ́ tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti iye kókó tí ó wà nínú rẹ̀ ni orísun ìkápá (kókó kọ̀ọ̀kan lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe), ìrántí sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní ti èyí, sáfà méjèèjì dọ́gba: ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba ọpọlọ 2 láti inú ẹ̀yà Xeon Scalable ti Intel, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ihò ìrántí 24. Ibí yìí gan-an ni àwọn olùrajà ti máa ń ṣìnà. Orúkọ sáfà kì í sọ ìkápá rẹ̀. Xeon Bronze 3104 ní kókó 6, Xeon Platinum 8180 ní 28, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹ̀yà kan náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín DL360 kan àti DL360 kejì lè ju èyí tí ó wà láàárín DL360 àti DL380 lọ fíìfíì. Nítorí náà a nílò ọ̀rọ̀ kan fún bí a ṣe to inú sáfà, èyí tí a pè ní ìtò. Iye owó tí òǹtajà méjì mú wá kò ṣe é fi wéra àfi bí ìtò bá dọ́gba lórí ìwé.

Àyè

Àyè ni a yàn fún ìwọ̀n dátà tí nǹkan lè gbà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ àyè èwo. Ìrántí ni ibi tí iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ wà: bí iná bá lọ, ohun tí ó wà níbẹ̀ bá a lọ. Àká ni ibi tí a kó dátà sí bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sí tirẹ̀, tí yóò sì wà níbẹ̀ bí iná tilẹ̀ lọ. Àwọn tí ń ta fóònù ti sọ ọ́ di àṣà láti pe méjèèjì ní ìrántí. Kí olùkọ́ má ṣe tẹ̀lé wọn.

Àwọn sáfà wa fi ìdí ìyàsọ́tọ̀ yìí hàn. Bí a bá fi ìrántí gígábáìtì 128 sí ihò kọ̀ọ̀kan, àyè ìrántí jẹ́ gígábáìtì 3,072 nínú DL360, iye kan náà ni nínú DL380. Ṣùgbọ́n iwájú DL360 kò gbà ju díìsìkì kéékèèké (oníǹṣì 2.5) 10 lọ, tàbí ńláńlá (oníǹṣì 3.5) 4, nígbà tí DL380 lè gba kéékèèké 30 tàbí ńláńlá 19, bí a bá tò ó dé ìwọ̀n. Ihò káàdì jẹ́ 3 nínú ti àkọ́kọ́, 8 nínú ti ìkejì. Àyè ìrántí dọ́gba, àyè àká kò dọ́gba rárá. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ méjèèjì kò lè sọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ ń san owó lé DL380.

Ìjẹná

Kò sí onílé tí kì í sọ pé "ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná." Ìjẹná, tí a ń fi wáàtì wọ̀n, ni bí ó ṣe ń jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú yìí, àròpọ̀ ìjẹná, tí a ń fi kìlówáàtì-wákàtí wọ̀n, ni èyí tí a ń sanwó fún. Sáfà tí ó ń jẹ wáàtì 500 láìsinmi yóò jẹ kìlówáàtì-wákàtí 4,380 lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ ni yóò sì di ooru nínú yàrá, tí a ó tún fi iná mìíràn lé jáde. (Ẹ̀rọ amúlétutù tí a fi ń lé e jáde, "agbára ẹṣin" ni àwọn òǹtajà fi ń wọ̀n ọ́n: agbára kẹrin nìyẹn.)

Gíga dá sí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Fáànù inú DL360 kò lè ga ju ìpele kan lọ, nítorí náà ó ní láti yí kíákíá kí afẹ́fẹ́ tó lè tó. Bí fáànù kan bá yí ní ìlọ́po 2, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a di ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n ìjẹná rẹ̀ a di ìlọ́po 8. Ìdí nìyí tí sáfà onípele 1 fi ń pariwo ju onípele 2 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò. Ráàkì onípele 42 lè gba DL360 42 tàbí DL380 21. Lójú ẹni tí ó ka ìwé ìpolówó, ìlọ́po méjì ni DL360 fi borí. Ṣùgbọ́n ká ní wáàtì 5,000 ni yàrá wa lè fún ráàkì kan, tí sáfà kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ 500: sáfà 10 péré ni a lè tàn, ìbáà jẹ́ DL360 tàbí DL380. DL360 10 gba ìpele 10, ó ku 32 lófo. DL380 10 gba ìpele 20, ó ku 22 lófo. Ọlá tí a rò pé DL360 ní ti di òfo pẹ̀lú àwọn ìpele náà. Níbi tí iná ìjọba ti ń ṣe ségesège, tí ẹ̀rọ amúnáwá ń gbé yàrá náà, iná ni yóò tán ṣáájú àyè, mo sì gbà pé DL380 ni ó yẹ irú ibẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ó háyà àyè nínú ilé dátà ẹlòmíràn, b.a. èyí tí MainOne ṣí ní Lẹ́kí ní 2015, tí ó bọ́ sọ́wọ́ Equinix ní 2022. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìpele ni wọn yóò fi ṣírò owó rẹ̀ tàbí ìjẹná. Bí ó bá jẹ́ ìpele, tí àká rẹ̀ kò sì pọ̀, DL360 ni kí ó mú.

Adèlé

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó ń da àwọn ògbufọ̀ láàmú. Sáfà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lè ní ẹ̀rọ agbaná 2, ká ní wáàtì 800 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kọ pé "agbára rẹ̀ jẹ́ 1,600" ti ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí a bá tò wọ́n kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì, wọ́n jọ ń ru ẹrù náà ni. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò dá a rù. Ẹrù ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ ju 800 lọ. A dábàá adèlé fún ètò yìí. Wọ́n lè takò wá pé adèlé kì í jókòó nígbà tí ọba ṣì wà láàyè, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí olùrajà fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí yóò di ilé mú nígbà tí ọba kò bá sí mọ́.

Pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, gbólóhùn ìwé ìrajà lè kà báyìí: "A ń fẹ́ sáfà onípele 2, ọpọlọ 2, kókó 16 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè ìrántí gígábáìtì 256, àyè àká tẹ́rábáìtì 20, ẹ̀rọ agbaná 2, ọ̀kan adèlé èkejì, kí ìjẹná rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ má ju wáàtì 500 lọ."