Àdùkẹ́, Nàró!

Àdùkẹ́, wo bí o ṣe kákò sórí kọ̀ǹpútà! Èmi tí mo ti pọn ọmọ-ọmọ, ẹ̀yìn mi ò tíì tẹ̀ tó tìẹ. Ẹ̀rọ Upright Go tí o fowó gọbọi rà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ọrùn, ó gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó kìlọ̀ fún ọ. Kí lo ṣe? O yọ ọ́, o jù ú sínú báàgì. Ṣé òun ló ṣẹ̀ ọ́ ni?

Má rò pé mi ò mọ nǹkan o. Àbúrò rẹ ti ṣàlàyé fún mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó ń yí àwòrán ojú fóònù padà tí o bá gbé e dábùú. O ó kọ́kọ́ jókòó dáadáa, o ó fi hàn án pé báyìí lo ṣe ń nàró. Tí o bá wá tẹ̀ síwájú jù, tí o sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, á gbọ̀n. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ti tẹ̀ kí o tó fi hàn án, títẹ̀ náà ni yóò máa pè ní ìnàró.

Orí ènìyàn wúwo tó kílò 5, má kà á sí kékeré. Ní 2014, Kenneth Hansraj, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, ṣírò rẹ̀ pé béèyàn bá tẹ orí síwájú ní ìwọ̀n 60 dìgíríì, ẹrù tó ń bọ́ sórí ọrùn á tó kílò 27. Ó lé ní ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì, ọmọ mi!

Wọ́n tún ní ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, tó ń wo bí orúnkún ṣe ń tẹ̀, kí ẹni tó ń dá eré ìdárayá ṣe nílé mọ̀ bóyá ó ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá so ó mọ́ nìkan ló mọ̀. Tẹ̀yìn rẹ kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn ọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé o rò pé jíjókòó gbọnrangandan láti àárọ̀ dalẹ́ ni ìwòsàn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ojú kan ṣoṣo náà nìyẹn. Máa dìde, lọ bu omi mu, fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn, fẹ̀yìn ti ògiri kí o máa gbọ́wọ́ sókè sódò. Ẹ̀rọ ò lè bá ọ ṣe ìyẹn.

Síbẹ̀, lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ẹ̀yìn, jọ̀ọ́. Tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí ìrora bá ń jí ọ lóru, lọ bá àwọn fisiotẹ́rápíìsì ní ilé ìwòsàn. Èmi ni n ó sanwó ọkọ̀. Ní báyìí ná, dìde níbẹ̀ yẹn, wá jẹun.