Ẹ̀yin Onífọ́tò Kétu, Ẹ Má Pa RAW Rẹ́

Kétu níbí, ní Èkó, ni J.D. 'Okhai Ojeikere ti ṣiṣẹ́ fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di olóògbé ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa, irun dídì àti irun kíkó. Ó tọ́jú nẹ́gétíìfù rẹ̀. Nígbà tí ayé wá bèèrè iṣẹ́ rẹ̀, títí dé Venice ní 2013, nǹkan wà nílẹ̀ tí wọ́n lè tún fọ̀.

Nẹ́gétíìfù tòde òní ni fáìlì RAW: CR3 lára Canon, NEF lára Nikon, ARW lára Sony. JPEG, tó ti wà láti 1992, oúnjẹ tó ti jinná ni. Kámẹ́rà ti bá yín yan àwọ̀, ó sì ti da ìyókù nù kí fáìlì lè kéré. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ni JPEG ń kọ sílẹ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-bit 14 ń kọ 16,384. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun lọ́sàn-án gangan ní Ìkòsí, tí òòrùn sì bo iṣẹ́ ara léèsì náà, RAW ṣì lè rí díẹ̀ gbà padà níbẹ̀. JPEG kò ní nǹkan kan láti fún yín.

Ó ń dùn mí bí ẹ ṣe ń pa RAW rẹ́ gbàrà tí oníbàárà bá ti gba álúbọ́ọ̀mù, nítorí pé àyè ti tán. Ẹ dákun.

Ẹ má sì fi RAW nìkan pamọ́ o. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ẹ wo àpẹẹrẹ: Kodak gbé Photo CD, ọ̀nà títọ́jú fọ́tò sórí CD, jáde ní 1992. Lónìí, ìwọ̀nba kọ̀ǹpútà ló lè ṣí i. Ṣùgbọ́n TIFF, irú fáìlì fọ́tò tó dé ní 1986, kò tíì di àlejò níbì kankan. Fọ́tò tí ẹ bá tún ṣe tán, ẹ fi ẹ̀dà kan sí TIFF, bó tilẹ̀ ń jẹ àyè. Ẹ lè sọ RAW fúnra rẹ̀ di DNG, tí Adobe ti tẹ ìlànà rẹ̀ síta láti 2004.

Ẹ̀yin onínàwó, JPEG ńlá nínú fláàṣì ni kí ẹ gbà, kì í ṣe èyí tí WhatsApp ti fún pọ̀. Ẹ sì bi onífọ́tò léèrè iye ọdún tó máa fi tọ́jú RAW.

Ẹ̀yin onífọ́tò, kí ẹ̀dà kejì àwọn fáìlì yín má sì gbé inú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ará Agílítí àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Mile 12 mọ ibi tí omi odò Ògùn ń dé lára ògiri.