Agon: Ìdíje Tí Ó Ní Òfin

Àwọn tí ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò ti bá ọ̀rọ̀ náà agonistic pàdé. Ẹni tí ó fẹ́ràn àríyànjiyàn, tí ó sì fẹ́ borí nínú ohun gbogbo, ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo orísun rẹ̀.

Èdè Gíríìkì ni ó ti wá. Agein ni láti darí tàbí láti mú wá. Nínú rẹ̀ ni agon ti jáde, àpéjọ ènìyàn sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ó di àpéjọ tí ń wo eré ìdíje; lẹ́yìn náà ó di ìdíje fúnra rẹ̀. Ní Olympia, níbi tí àwọn Gíríìkì ti ń díje ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, eré sísá wà, ìjàkadì wà, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sì wà. Ṣùgbọ́n àwọn adíje a kọ́kọ́ búra, àwọn onídàájọ́ a dúró tì wọ́n, ẹni tí ó bá sì ṣe màgòmágó a san owó ìtanràn. Adé ewé ólífì ni èrè ẹni tí ó borí.

Adíje ni agonistes; ẹni tí ó dojú kọ ọ́ ni antagonistes. Agonia ni ìlàkàkà, ó sì tún jẹ́ ìrora ọkàn: òun ni a lò fún Olúwa wa nínú Luku 22:44.

Ẹ kíyè sí èyí. Nínú 1 Timoteu 6:12, agon ni a pa láṣẹ fún wa. Ṣùgbọ́n nínú 1 Timoteu 3:3, a ní kí alábòójútó jẹ́ amachos, èyíinì ni ẹni tí kì í jà, nítorí mache ni ìjà. Ìwé kan náà pàṣẹ ìdíje, ó sì kọ ìjà.

Nítorí náà, bí a bá ń jiyàn lórí owó ìjọ tàbí lórí ipò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: Òfin ha wà nínú rẹ̀ bí? A ó ha lè bọ ara wa lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí? Àtìpó ni wá níhìn-ín. Ẹni tí a bá fi ìjà lé kúrò láàrin wa lónìí, ta ni yóò bá a sin òkú rẹ̀ bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́? Àwọn àgbà wa ní, bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.