Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ẸNI TÍ Ó DÉ ẸNU Ọ̀NÀ TÍ Ó SÌ PADÀ

Bíbélì kíkà: Jòhánù 11:1-44, 2 Kọ́ríńtì 12:1-7
Fún àṣàrò nílé: Lúùkù 16:19-31, Hébérù 9:27

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí àwọn tí èémí wọn lọ, tí ará ilé ti sunkún lé wọn lórí, tí wọ́n sì tún lajú. Kí ni wọ́n rí? Báwo ló ṣe yẹ kí á gba ọ̀rọ̀ wọn?

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ibà dá àbúrò ìyá mi dùbúlẹ̀, ní abúlé wa lẹ́bàá Kétu. Ẹ̀kọ ló ń tà. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, a kò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́. Wọ́n pa ojú rẹ̀ dé, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Oòrùn ti yọ kí ó tó sín, ó sì bèèrè omi. Gbogbo ilé fọ́n ká! Ìyá mi nìkan ni kò sá.

Ó ní òun rìn ní ọ̀nà gbọọrọ kan tí ó mọ́lẹ̀, òun sì pàdé ìyá àwọn tó ti kú tipẹ́. Ìyá náà ní kí ó padà, pé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń sunkún.

Ẹ gbọ́ ná: ikú kò fi ìyà jẹ obìnrin yìí tó bí àwa alààyè ti fi jẹ ẹ́. Wọ́n ní àkúdàáyà ni. Fún oṣù púpọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkúdàáyà tí àwọn baba wa ń sọ, ẹni tí wọ́n ti sin ni, tí wọ́n wá bá ní ìlú mìíràn tó ń ṣòwò, tó ń bímọ. Èyí kò wọ ibojì rárá. Ẹ má da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

2. OHUN TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ RÍ

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2001, dókítà ọkàn kan ní ilẹ̀ Họ́lándì, Pim van Lommel, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 344 tí ọkàn wọn dá iṣẹ́ dúró, tí wọ́n sì sọ jí ní ilé ìwòsàn 10. Àwọn 62 rántí nǹkan: òmíràn rí ìmọ́lẹ̀, òmíràn pàdé ẹbí rẹ̀ tó ti kú, òmíràn ní òun wo ara òun láti òkè. Àwọn 282 yòókù kò rántí ohunkóhun. Nítorí náà, bí ènìyàn rẹ bá jí tí kò rí ìran kankan, má sọ pé Ọlọ́run kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún 8, wọ́n padà lọ bi àwọn tó ríran léèrè. Ẹ̀rù ikú ti dínkù lára wọn, àánú ọmọnìkejì sì ti pọ̀ sí i. Àwọn dókítà mìíràn ní ọpọlọ tí afẹ́fẹ́ kò dé mọ́ ló ń dá ìran bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

3. OHUN TÍ BÍBÉLÌ KỌ́ WA

Lásárù lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì, síbẹ̀ Bíbélì kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ nípa ibẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ẹni tí a gbé lọ sí ọ̀run kẹta; ọdún 14 ti kọjá kí ó tó mẹ́nu kàn án, kò sì tú ohun tí a gbọ́ níbẹ̀ síta.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dá padà kò tíì rí inú ilé. Ó lè sọ pé iná ń tàn níbẹ̀. Kò lè ka iye yàrá. Lásárù pàápàá tún kú. Jésù Olúwa wa nìkan ló jí tí kò sì ní kú mọ́. Òun ni ìgbàgbọ́ wa dúró lé, kì í ṣe ìran ẹnikẹ́ni.

4. KÍ NI KÍ Á ṢE?

(a) Ẹ má kánjú sin ènìyàn. Bí ẹnìkan bá dákú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Kí àdúrà máa lọ, kí ọkọ̀ náà máa lọ. Dókítà ni kó sọ pé ó ti kú.
(b) Ẹ má sá fún ẹni tó padà. Ẹ fún un lómi, ẹ jókòó tì í.
(d) Ẹ má fi ìran rẹ̀ pa owó, ẹ má sì fi sọ pé òkú ẹnìkan wà nínú iná.
(e) Ẹ wo èso rẹ̀.

Nígbà tí ara àbúrò ìyá mi yá, ilé obìnrin kan ló kọ́kọ́ lọ. Ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn nítorí gbèsè ọjà. Ó ní ní ọ̀nà tí òun rìn yẹn, kò sí igbá ẹ̀kọ lórí òun, kò sí owó lọ́wọ́ òun; ìjà yẹn nìkan ló bá òun dé ibẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin yìí ló sì kọ́kọ́ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ará ọjà fi tún sún mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló dé tí Ábúráhámù kò gbà kí òkú padà wá kìlọ̀ fún àwọn arákùnrin ọlọ́rọ̀ náà?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rí àti ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́?
3. Ta ni ìwọ kò tíì bá parí ìjà?

Kí Olúwa mú wa dé inú ilé náà ní àkókò tirẹ̀. Àmín.