Abẹ́rẹ́ wo ló dára jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun?

Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ihò kéékèèké gé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kúrò, àyà àti ikùn á ṣì dun aláìsàn. Tí kò bá lè mí kanlẹ̀ kó sì húkọ́ dáadáa, òtútù àyà lè wọlé.

Epidural: wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín sí ẹ̀yìn, nítòsí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ń pa ìrora lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ó sì lè ṣòro láti tọ̀.

Paravertebral: ẹ̀gbẹ́ kan ni oògùn ń lọ, níbi tí iṣan ti ń jáde lára ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìfúnpá kì í sábà já bíi ti epidural, ṣùgbọ́n ikùn lè nílò oògùn mìíràn.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà yín pé: èwo ló máa jẹ́ kí n lè húkọ́, kí n sì tètè dìde rìn?

Ọ̀rọ̀ tuntun: apàrora (a + pa + ìrora).