Kí Ẹ Tó Fa Ẹ̀jẹ̀ Aboyún: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Agbẹ̀bí àti Dókítà Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbẹ̀bí ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀, ní Emùré àti káàkiri gúúsù Èkìtì, ẹ ti ń gbọ́ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun tó lè sọ tẹ́lẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru yóò ṣe aboyún léṣe. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò ikú àwọn ìyá ní ọsibítù ńlá 42 ní Nàìjíríà láàárín 2012 sí 2013, ìyá 998 ló kú láàárín ọdún kan, gìrì aboyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣáájú rẹ̀ ló sì gbapò iwájú nínú ohun tó ń pa wọ́n tàbí tó ń gbé wọn dé bèbè ikú. Nítorí náà, mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu ohunkóhun tó bá lè ta wá lólobó. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: kí abẹ́rẹ́ tó wọ iṣan, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe bí èsì bá ga, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí kò bá ga. Bí ọ̀kan náà ni ẹ máa ṣe lọ́nà méjèèjì, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sí, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ sí.

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ kò bá ṣí dáadáa fún ibi ọmọ, ibi náà a máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sFlt-1 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. sFlt-1 yìí a máa so mọ́ èròjà mìíràn, PlGF, tí ara iṣan nílò kó lè máa rọ̀, kò sì ní jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́. Ní 2003 ni Ananth Karumanchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi eku tó lóyún dán an wò: nígbà tí sFlt-1 pọ̀ lára eku náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, purotéènì sì jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀. Iye PlGF ni wọ́n wá ń fi pín iye sFlt-1. Ìwádìí PROGNOSIS, tó jáde ní 2016 láti orílẹ̀-èdè 14, wo àwọn aboyún tí a ti ń fura pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣáájú gìrì, tí oyún wọn tó ọ̀sẹ̀ 24 tí kò sì tíì pé 37. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò ju 38 lọ, ìdánilójú 99.3 nínú 100 wà pé àìsàn náà kò ní bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí tirẹ̀ ju 38 lọ ńkọ́? Nǹkan bí 37 péré nínú 100 wọn ló ní in láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fara balẹ̀ ro ìyẹn. Àyẹ̀wò yìí mọ ẹni tó lè fọkàn balẹ̀ lọ sílé ju bó ti mọ ẹni tí àìsàn máa mú lọ. Ẹni tó bá wá torí nọ́ńbà gíga nìkan gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ 31 jáde nínú ìyá rẹ̀, ó ti bi ẹ̀jẹ̀ ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn.

Ẹnì kan lè ní: níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà kò sí lọ́dọ̀ wa, kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ó kàn wá, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti ń fà látijọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kì í fetí sí. Ní 2011, Peter von Dadelszen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò fullPIERS jáde, èyí tó ń sọ aboyún ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí ewu ńlá lè bá láàárín wákàtí 48. Ohun mẹ́fà ló ń lò: ọjọ́ orí oyún, àyà dídùn tàbí èémí tí kò já gaara, ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, iye plátílẹ́ẹ̀tì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, kíríátínínì, àti AST. Mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe àjèjì sí láàbù ọsibítù ńlá. Plátílẹ́ẹ̀tì tó bá wá sábẹ́ 100,000, kíríátínínì tó ju 1.1 mg/dL lọ, AST tó di ìlọ́po méjì iye tó yẹ, èyíkéyìí nínú wọn ti sọ àìsàn náà di líle. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé èsì tàn yín jẹ. Ààlà tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé yẹn, ti ẹni tí kò lóyún ni. Kídìnrín aboyún ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kíríátínínì rẹ̀ a sì máa wálẹ̀ sí àárín 0.4 sí 0.8. Nítorí náà, bí láàbù bá kọ 1.0, tí wọn kò sì fi yíńkì pupa sàmì sí i, ẹ̀yin ni kí ẹ sàmì sí i. PCV, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, náà ń tanni. Ní ilẹ̀ wa tí a ti ń bẹ̀rù àìtó ẹ̀jẹ̀, inú gbogbo wa ló ń dùn bí PCV bá di 40, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ìyá tó. Ṣùgbọ́n aboyún tí ìfúnpá rẹ̀ wà lókè, tí ojú rẹ̀ wú, tí PCV rẹ̀ fò láti 31 sí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi ló ń jò kúrò nínú iṣan rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tó kù sì ń ki. Nítorí náà, ẹ tọ́jú èsì àtẹ̀yìnwá. Bí iye ṣe ń rìn ṣe pàtàkì ju ibi tó dúró sí lónìí lọ.

Ọwọ́ yín náà lè ba òótọ́ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé láàbù. Bí ẹ bá fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ láti inú sírínjì gba ojú abẹ́rẹ́ tóóró wọ ìgò, á fọ́, AST á sì ga lórí irọ́. Ìgò EDTA onídèérí elésè àlùkò tí ẹ kò bá rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ sì gbé e padà nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á dì, plátílẹ́ẹ̀tì á sì kéré lórí irọ́. Torí irú èsì bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé ìyá tí oyún rẹ̀ kò tíì tó bí lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Àkókò ńkọ́? Ìṣirò oníwákàtí 48 tí èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹta ti di ìtàn. Kí ẹ tó fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ láti Emùré tàbí Ìsẹ̀ sí Adó-Èkìtì, ẹ béèrè ìgbà tí èsì máa dé. Bó bá máa pẹ́, ìyá gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí kò ní láàbù, ojú yín kò fọ́. Àwọn olùwádìí tó ṣe fullPIERS kan náà gbé miniPIERS jáde ní 2014, láti ara àwọn obìnrin tó lé ní 2,000 ní Fiji, Uganda, South Africa, Brazil àti Pakistan, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ fífà nínú rẹ̀: bóyá oyún àkọ́kọ́ ni, ọjọ́ orí oyún, orí fífọ́ tàbí ojú ṣíṣú, ìdààmú àyà àti èémí, ẹ̀jẹ̀ ojú ara pẹ̀lú inú rírun, ìfúnpá, àti purotéènì inú ìtọ̀. Kò mú tó ti oníláàbù, àmọ́ ó mú ju ká máa méfò lọ, bí ẹ bá sáà wọn ìfúnpá bó ti yẹ: kí ìyá ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí apá rẹ̀ wà ní déédéé ọkàn, kí ẹ má sì fi aṣọ ìwọnfúnpá kékeré wé apá tó tóbi, torí á parọ́ gíga. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó kù: ìtọ́jú. Ní Kano, ní 2008, wọ́n mú magnesium sulphate, oògùn tó ń dènà gìrì, dé ọsibítù ìjọba 10, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 21 ló ń kú nínú 100 obìnrin tí àìsàn yìí gbé dé. Ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 2. Kò sí àyẹ̀wò tuntun kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ pé gìrì ń bọ̀, tí kò fún ìyá ní oògùn yìí, gíráàmù mẹ́rin sínú iṣan àti márùn-ún márùn-ún sí ìdí méjèèjì kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ló fi mímọ̀ náà ṣe?

Ẹlòmíràn lè bínú pé mò ń kọ́ tálákà láti fara mọ́ àjẹkù. Rárá o. Ó wù mí kí àyẹ̀wò PlGF dé Adó, kí àwọn ìyá Ìkéré sì rí i ṣe láìta aṣọ wọn. Ibi tó ti máa wúlò jù ni ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ní 2017, ìwádìí ASPRE fi ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ẹ̀rọ àwòrán ṣa àwọn tí ewu wọn ga ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 13, wọ́n fún ìdajì wọn ní aspirin mílígíráàmù 150 lálaalẹ́. Àwọn tí àìsàn náà mú kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 wálẹ̀ láti 4.3 sí 1.6 nínú 100. Àmọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í forúkọ sílẹ̀ títí ikùn á fi yọ. Kí ìyẹn tó yí padà, ẹnu ni ẹ máa fi ṣe é: ẹ bi aboyún bóyá ó ti ní àìsàn yìí rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru kó tó lóyún, bóyá ó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kídìnrín, bóyá ìbejì ló wà níkùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí aspirin mílígíráàmù 75 fún irú wọn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20.

Ẹ̀yìn ìbímọ ni gbogbo ìṣirò yìí kò bá wa dé. Àárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà ni ìfúnpá sábà máa ń ga jù, nígbà tí ìyá ti kúrò lọ́dọ̀ yín, tí ilé sì ń múra ìkómọ ọjọ́ kẹjọ. Bí orí bá ń fọ́ ọ, wọ́n á ní àìsùn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọ sílé láìjẹ́ pé ẹ ti pe ìyá ọkọ rẹ̀ àti ìyá tó bí i, kí ẹ sọ fún wọn lójú ara wọn pé orí fífọ́, ojú ṣíṣú àti inú ríro lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún kì í ṣe àárẹ̀ ìbímọ. Ẹ kọ ìfúnpá tó gbé lọ sára káàdì rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó máa padà wá wọ̀n ọ́n, kí ọjọ́ náà sì ṣáájú ìkómọ.